Bí A Ṣe Ń Fi Ewé Apta Ṣe Wúrà Lọ́jọ́ Dasara

Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ní ìwọ̀-oòrùn Índíà, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí ọmọdé máa ń kan ilẹ̀kùn àgbà, tí yóò tẹ ewé tútù kan lé e lọ́wọ́, tí yóò sì ní wúrà lòun gbé wá. Àgbà náà kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò gba ewé ọ̀hún bí ẹni gba wúrà lóòótọ́, yóò gbọ́wọ́ lé ọmọ náà lórí, yóò sì súre fún un. Ọjọ́ Dasara nìyẹn, ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí wọ́n ń pè ní Dussehra tàbí Vijayadashami láwọn apá ibòmíì ní Índíà. Ewé igi apta ni wọ́n ń pè ní wúrà.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà kàn: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé nílùú Pune ní Maharashtra, ẹni tó fẹ́ ọmọ Maharashtra, ẹni tí aládùúgbò tàbí ọ̀gá rẹ̀ pè wá sílé lọ́jọ́ ọdún. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ewé kan ṣoṣo tó. Ẹni tí ẹ gbé e fún, bí ẹ ṣe gbé e, àti ọ̀rọ̀ tó bá a rìn, ibẹ̀ ni iyì àṣà yìí wà. Ẹni tó ru ẹ̀ka igi lódindi wá kò bọ̀wọ̀ fúnni ju ẹni tó mú ewé kan dání lọ.

Ẹ mọ ọjọ́, kí ẹ sì mọ ìtàn

Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ọdún yìí. Ọjọ́ kẹwàá tí òṣùpá ti ń wú nínú oṣù Ashvin ló máa ń bọ́ sí, lẹ́yìn òru mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ṣe Navaratri. Nítorí náà, kì í dúró lójú kan nínú kàlẹ́ńdà tiwa: ó bọ́ sí ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá lọ́dún 2023, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá lọ́dún 2024, àti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá lọ́dún 2025. Ẹ bi ẹni tó pè yín léèrè ọjọ́ náà gan-an, ẹ má fi tèṣí díwọ̀n.

Jákèjádò Índíà, ìṣẹ́gun ni wọ́n ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà: Rama, ọba inú ìtàn wọn, ṣẹ́gun Ravana, ọba àwọn ẹ̀mí búburú; òrìṣà Durga ṣẹ́gun ẹ̀mí búburú Mahishasura. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bí ewé yàtọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó jókòó láàárín wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kautsa, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àlùfáà Varatantu. Nígbà tó gbẹ̀kọ́ tán, ó béèrè ohun tí òun máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ òun. Varatantu ní iṣẹ́ tó ti sin òun tó. Kautsa kò gbà, ó ń yọ bàbá lẹ́nu títí inú fi bí i. Varatantu wá ní ẹ̀ka ìmọ̀ mẹ́rìnlá lòun kọ́ ọ, kó lọ mú owó wúrà mílíọ̀nù mẹ́wàá wá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mílíọ̀nù 140. Kautsa forí lé ààfin Raghu, ọba Ayodhya, baba ńlá Rama. Àmọ́ Raghu ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ẹbọ ńlá kan tó kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ tọrẹ ni, débi pé ìkòkò amọ̀ ló fi bu omi àlejò fún un. Ọba kò gbà kí ẹni tó wá tọrọ lọ́dọ̀ òun padà lọ́wọ́ òfo. Ó pinnu láti gbógun lọ bá Kubera, tó ni ọrọ̀ ayé. Kílẹ̀ tó mọ́, wúrà ti rọ̀ bí òjò.

Nínú ewì Raghuvamsha tí Kalidasa kọ, inú ilé ìṣúra ọba ni wúrà náà rọ̀ sí. Àwọn ará Maharashtra ní orí igi apta ni, àti pé ewé igi náà ló di wúrà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù: ọba ní kí Kautsa máa kó gbogbo rẹ̀ lọ, Kautsa ní òun kò ní mú ẹyọ kan lé sí iye tí olùkọ́ òun béèrè. Ẹni tó ń fúnni kò fẹ́ ṣẹ́kù sílẹ̀, ẹni tó ń gbà kò fẹ́ gbà ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ. Èyí tó kù, àwọn ará ìlú ni wọ́n pín in fún. Pínpín yẹn ni wọ́n ń ṣe títí dòní.

Ogun náà lọ́wọ́ sí i. Láyé àwọn ọmọ ogun Maratha, jagunjagun ilẹ̀ Maharashtra nígbà àtijọ́, ọjọ́ Dasara ni wọ́n máa ń jáde lọ sójú ogun, torí òjò ti dá, odò ti fà, ẹṣin lè rìn. Wọn a sọdá ààlà ìlú, wọn a sì lọ. Wúrà tí wọ́n bá kó bọ̀, ìdílé ni wọ́n ń gbé e fún. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn ń lọ “piyẹ́ wúrà” nígbà tí wọ́n bá ń lọ já ewé.

Ẹ dá ewé náà mọ̀

Bauhinia racemosa lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pe apta. Igi kúkúrú ni, ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀. Ewé rẹ̀ là sí méjì lórí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rí róbótó, wọ́n sì so mọ́ra nísàlẹ̀. Ó fẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ. Bí ẹ bá ká a, ẹ̀gbẹ́ kan a bo ìkejì bí ìwé tí a pa dé. Ó yi díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tutù yọ̀yọ̀ tó ojú rẹ̀, iṣan rẹ̀ sì ń tàn ká láti ibi ìdí bí ìka ọwọ́.

Ẹni tó bá mọ ewé abàfẹ̀ nílé wa ti mọ bó ṣe rí. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ ti kó àwọn méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan, Piliostigma. Ewé apta kéré sí ti abàfẹ̀ púpọ̀: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju ohun tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń tan àjèjì jẹ ni ewé kanchan. Mọ̀lẹ́bí apta lòun náà, ó là sí méjì bíi tirẹ̀, ó sì pọ̀ nígboro torí wọ́n ń gbìn ín sẹ́bàá títì nítorí òdòdó rẹ̀. Nígbà tí apta bá wọ́n, òun ni àwọn ọlọ́jà kan máa ń dì tà. Ewé kanchan tóbi, ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀. Bí ewé tí wọ́n nà sí yín bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, tó sì ń rọ̀ bí aṣọ, ẹ bi wọ́n dáadáa. Kò séèwọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń rà.

Ẹ wá ewé, ẹ má fi ìyà jẹ igi

Ní Mumbai, ọjà òdòdó Dadar ni kí ẹ lọ. Ní Pune, ẹ lọ sí Mandai tàbí Market Yard. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ni àwọn obìnrin láti ìgbèríko máa ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń to ewé apta ní ìdì-ìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òdòdó zendu aláwọ̀ ọsàn, pẹ̀lú ewé máńgòrò àti ṣírí ọkà tuntun. Ìdì kékeré kan tó fún ilé kan. Ẹ ka iye èèyàn tí ẹ máa fún, ẹ fi díẹ̀ lé e, ẹ rà á mọ bẹ́ẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igi náà. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn oníṣòwò máa ń wọ igbó lọ ṣẹ́ odindi ẹ̀ka, torí ó yá ju jíjá lọ. Igi kúkúrú tí wọ́n bá ṣẹ́ lọ́dọọdún báyìí kì í gbádùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, ẹ ó rí ewé tí ẹnikẹ́ni kò fún ẹnikẹ́ni, tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ó ń dùn mí. Àwọn tó fẹ́ràn igbó ní Maharashtra ti ń ké sáwọn èèyàn pé kí wọ́n fún ara wọn ní ewé ẹyọ kan, tàbí kí wọ́n gbin igi dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa já a, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ fi èékánná já ewé níbi ọrùn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀ka tó yàtọ̀ síra. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ wé e títí ìrọ̀lẹ́, torí kì í pẹ́ rọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún

Bí ẹ bá ń gbé nínú ilé wọn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó jí. Wọn a gbá ẹnu ọ̀nà, wọn a fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ mèremère ya rangoli síbẹ̀, wọn a sì so zendu àti ewé máńgòrò kọ́ sókè ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń fi òdòdó sára mọ́tò, alùpùpù àti kọ̀ǹpútà, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohunkóhun téèyàn fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí àwọn alágbẹ̀dẹ àti awakọ̀ wa ṣe ń ṣe sí Ògún kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Ẹ wo síléètì àwọn ọmọ iléèwé dáadáa. Wọ́n máa ń fi ẹfun ya àmì Saraswati, òrìṣà ìmọ̀, sórí rẹ̀. Òǹkà 1 ni wọ́n ń kọ ní àkọtúnkọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, títí wọn yóò fi di àwòrán. Wọn a gbé síléètì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, wọn a fi ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n ń pè ní kumkum àti àtalẹ̀ pupa tọ́ ọ, wọn a sì gbé ewé apta lé e.

Oúnjẹ ọ̀sán ni shrikhand pẹ̀lú puri: wàrà kíki tí wọ́n ti sẹ́ omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n po ṣúgà mọ́, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín jẹ. Ẹ jẹ ẹ́.

Sísọdá ààlà

Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe seemollanghan, ìyẹn sísọdá ààlà. Ní abúlé, wọn a tò lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí igi shami tàbí apta wà. Igi shami ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìjọsìn náà. Ibi tí kò bá ti sí shami ni apta ti ń gba ipò rẹ̀. Wọn a fi ìrẹsì, èso supari àti owó ẹyọ sí ìdí igi, wọn a yí i ká, wọn a sì gbàdúrà. Ashmantaka ni wọ́n ń pe apta nínú àdúrà náà: wọ́n ń bẹ igi ńlá pé kó mú àṣìṣe ńlá kúrò, kó jẹ́ kí àwọn fojú kan àwọn tí àwọn fẹ́ràn, kó sì pa ọ̀tá run. Lẹ́yìn náà ni wọn a bu erùpẹ̀ díẹ̀ nídìí igi, wọn a mú ewé, wọn a sì yí padà sílé.

Ẹni tó bá lè dé Kolhapur, kó lọ. Ní Dasara Chowk, gbogbo ìlú ló máa ń pé jọ, wọn a gbé àwọn òrìṣà wá nínú àga àgbérù, ìdílé ọba a wá jọ́sìn, lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá sì ti parí, èrò a ya bo ewé. Ẹ má dúró sáàárín bí ẹ bá gbé ọmọ dání.

Ẹlẹ́sìn míì lè bi mí pé ṣé dandan ni kóun jọ́sìn fún igi. Kò sẹ́ni tó máa fi dandan mú yín. Ẹ lè dúró lẹ́yìn, kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Gbígba ewé lọ́wọ́ aládùúgbò kò sọ yín di Híńdù. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń fún ẹni gbogbo láìbéèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Èyí tí mo kà sí àrífín ni kéèyàn yí ojú kúrò lára ewé tí wọ́n nà sí i.

Fífún èèyàn ní ewé

Bí àwọn tó lọ sí ààlà bá dé, obìnrin ilé a pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo tí fìtílà wà nínú rẹ̀, a yí i níwájú ojú wọn, a fi kumkum tọ́ iwájú orí wọn. Ẹ dúró kí ó parí kí ẹ tó wọlé.

Ewé àkọ́kọ́, ojúbọ inú ilé ló ni ín. Onílé ló ń gbé ìyẹn síbẹ̀, kì í ṣe àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹni tó dàgbà jù nínú ilé. Ọmọdé ló ń lọ bá àgbà, kódà bí àgbà bá wà ní òpópónà kejì. Bí ẹ bá jẹ́ àbúrò, ẹ má jókòó sílé ẹ máa retí kí bàbá àgbà wá bá yín.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mú ewé náà, tàbí ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ òsì nìkan kò dáa lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí kò ṣe dáa lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ àgbà náà, ẹ má jù ú, ẹ má fi sórí tábìlì pé kó mú un. Kí ẹ sì sọ pé:

“Sona ghya, sonyasarkhe raha.”

Ẹ gba wúrà, kí ẹ sì máa wà bíi wúrà. Ẹ pe “ghya” bíi gyà, kí èémí tẹ̀ lé g díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nìyẹn o. Fún ọmọdé tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń “ìwọ” ara yín, “Sona ghe” ni; bó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ fi “sonyasarkha raha” tì í, bó bá jẹ́ obìnrin, “sonyasarkhi raha”. Ẹni tó bá sọ “ghe” fún ìyá ìyàwó rẹ̀ ti ṣe ohun tí ẹni tó sọ “o” fún ìyá ìyàwó rẹ̀ nílé wa ṣe.

Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ tẹ̀ba, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún kan ẹsẹ̀ àgbà náà, kí ẹ wá gbé ọwọ́ yẹn kan iwájú orí yín. Àwa tí a mọ ìdọ̀bálẹ̀ lè fẹ́ nà gbọọrọ sílẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù: nínà gbọọrọ wà lọ́dọ̀ wọn, sashtang namaskar ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n iwájú òrìṣà tàbí olùkọ́ ẹ̀mí ni wọ́n sábà ti ń ṣe é. Bí ẹ bá ṣe é ní pálọ̀, ẹ ó kó ìdààmú bá bàbá onílé. Títẹ̀ba tó. Obìnrin tó bá fẹ́ kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó kan ẹsẹ̀ kò ṣe ohun tó burú.

Àgbà a gbọ́wọ́ lé yín lórí. Ẹ lè gbọ́ “sukhi raha”, kí ayọ̀ máa bá yín gbé. Ẹ má yára dìde. Ẹ jẹ́ kó súre tán. Yóò fún yín ní ewé tirẹ̀ tàbí nǹkan dídùn. Ewé tí wọ́n fún yín, ẹ fi í pamọ́ sínú àpò tàbí ìwé. Ẹ má mú un fún ẹlòmíì lójú ẹni tó fún yín.

Láàárín ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́: wọn a pààrọ̀ ewé, wọn a dì mọ́ra. Àwọn tó ti ń bára wọn jà máa ń lo ọjọ́ yìí láti kan ilẹ̀kùn ara wọn, torí ó ṣòro kéèyàn lé ẹni tó gbé wúrà wá padà.

Bó bá jẹ́ gúúsù lẹ wà

Tí ẹ bá kọjá sí Karnataka tàbí Telangana, ewé yí padà. Shami ni wọ́n ń lò níbẹ̀: banni ni ti Karnataka, jammi ni ti Telangana. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, nítorí náà ẹ̀ka tín-ín-rín kan ni wọ́n ń fúnni. Ẹ ṣọ́ ìka yín. Àwọn ará àríwá Karnataka máa ń ní “Banni togondu bangaradanthe irona”: ẹ jẹ́ ká gba banni, ká sì wà bíi wúrà. Ní Mysore, ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ àwọn erin láti ààfin máa ń parí sí Bannimantap, ibi igi yìí. Ní Telangana, jammi ni igi ìpínlẹ̀ wọn, wọn a sì máa wá ẹyẹ palapitta kiri lọ́jọ́ náà torí oríire ni rírí rẹ̀.

Ìtàn tiwọn ni ti àwọn Pandava, àwọn ọmọ ọba márùn-ún tí wọ́n lé kúrò nílùú fún ọdún 12, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fara pamọ́ ní ọdún kẹtàlá. Orí igi shami ni wọ́n kó ohun ìjà wọn sí. Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n padà wá bá wọn níbẹ̀ láìsọnù.

Igi yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní khejri ní Rajasthan. Lọ́dún 1730, ní abúlé Khejarli, àwọn ará Bishnoi, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tó ń dáàbò bo igi, dì mọ́ ọn nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba wá gé e. Obìnrin kan, Amrita Devi, ló ṣíwájú wọn. Èèyàn 363 ni wọ́n pa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣẹ́ odindi ẹ̀ka shami níṣojú yín nítorí ọdún, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Lókèèrè, àti lẹ́yìn ọdún

Ẹ má di ewé tútù sínú àpò lọ sí London tàbí Amẹ́ríkà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, ẹni tó bá sì gbé ewé wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ sọ fún aṣọ́bodè. Ẹ gé páálí aláwọ̀ wúrà bí apta ṣe rí, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fúnni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Ìdílé Maharashtra tó wà lókèèrè kò ní ri yín fín nítorí ìyẹn. Nílé wa, bí ará Maharashtra bá pè yín ní Èkó, abàfẹ̀ lè dùn mọ́ wọn nínú nítorí ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi hàn wọ́n kí ọjọ́ ọdún tó pé, kí wọ́n fúnra wọn sọ bóyá wọ́n á lò ó.

Ọ̀pọ̀ máa ń fi ewé kan pamọ́ sínú àpótí owó títí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kó ìyókù sídìí òdòdó tàbí igi, kó jẹrà síbẹ̀.

Ẹni tó ní ilẹ̀ ní Maharashtra, kó gbin tirẹ̀. Ẹ gba èso apta tó ti gbẹ, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí kì í ṣe híhó títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Ẹ gbìn ín sínú àpò oníyẹ̀pẹ̀ níbi tí oòrùn wà, kí ẹ sì gbé e lọ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gún yí i ká nítorí ewúrẹ́, ẹ má sì já ewé rẹ̀ kankan títí yóò fi ga jù yín lọ.